Bàbá Télọ̀, Kí Lẹ Ń Wá Lórí Ìtàgé?

Gbogbo ọmọ Yorùbá Maiduguri, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà níbí àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó lọ, èmi Bàbá Ìbejì ni, télọ̀ ti Ngomari.

Látìgbà tí fídíò yẹn ti dé orí fóònù gbogbo yín, èyí tí mo ti wọ agbádá tí mò ń kọrin tí mo sì ń jó láàárín àwọn ọmọdé, ìpè ò jẹ́ kí n ráyè ránṣọ mọ́. Àwọn kan ń kí mi kú oríire. Àwọn kan ń fi mí rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní: "Àbúrò, o ti pé ọdún 54. Kí lò ń wá lórí ìtàgé?" Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ dáhùn. Ó máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á.

Réluwéè dé Maiduguri ní 1964. Kò pẹ́ sígbà náà tí bàbá mi fi bá ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú yìí, wọ́n ń ta aṣọ. Tí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán, ọ̀rọ̀ Hubert Ògúńdé ló kù. Bàbá mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n orin inú eré tí wọ́n ti wò nílé, wọ́n lè kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹnu wọn ni mo ti kọ́ pé èèyàn lè fi orin jà, ó lè fi orin bẹ ìyàwó, ó lè fi orin bá ìjọba wí. Mo wà ní fọ́ọ̀mù tú nígbà tí mo sọ fún wọn pé èmi náà fẹ́ ṣe é. Wọ́n ní, "Lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ná." Mo lọ kọ́ ọ. Mo gba fírídọ́ọ̀mù, mo gba ṣọ́ọ̀bù, mo gbéyàwó, Ọlọ́run fún mi ní ìbejì. "Ná" yẹn wá di ọgbọ̀n ọdún.

Ní 2013, wọ́n kéde òfin pàjáwìrì ní ìpínlẹ̀ Borno. Mo kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, èmi padà wá, torí aṣọ oníbàárà wà lọ́wọ́ mi, owó ilé-ìwé sì wà níwájú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ mọ bó ṣe rí. Ẹgbẹ́ akọrin wa tó máa ń kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta, àwa mẹ́rin ló ṣẹ́kù. Lóṣù December ọdún yẹn, àwọn ọmọ ogun Boko Haram kọlu ibùdó ológun òfuurufú létí pápákọ̀. Ẹ mọ̀ pé Ngomari ò jìnnà síbẹ̀. Abẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo dùbúlẹ̀ sí, ìbọn ń dún. Mo gbàdúrà, mo gbàdúrà, nígbà tó yá orin ló kù lẹ́nu mi, orin tí bàbá mi máa ń kọ. Mo ń kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ kó má baà jáde síta. Mo wá sọ fún ara mi pé tílẹ̀ bá fi lè mọ́, mi ò ní sọ "ná" mọ́.

Ilẹ̀ mọ́. Mo tún fi ọdún márùn-ún sọ "ná". Ẹ ò rí ọmọ aráyé bí?

Ọdún 2018 ni ọmọbìnrin kan tó kàwé eré ìtàgé ní yunifásítì ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti ṣe eré olórin fún àjọ̀dún. Wọ́n nílò bàbá àgbà kan. Mo ní èmi rè é. Ọmọ ọdún 26 ni, ọmọ tó ń kúnlẹ̀ kí mi tó bá bá mi ní títì. Ṣùgbọ́n tá a bá ti dé ibi ìdánrawò, òun lọ̀gá. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo gbóhùn sókè bí mo ṣe máa ń ṣe nínú ẹgbẹ́ akọrin. Mo rò pé wọ́n máa pàtẹ́wọ́ ni. Ó dá mi dúró, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o. Ta lẹ̀ ń kọ orin yẹn fún?"

Mo ní, "Gbogbo ìjọ ni."

Ó ní, "Ìjọ ò sí níbí, sà. Ìyàwó yín ló ti di ẹrù tó fẹ́ lọ yẹn. Ẹ wò ó lójú, kẹ́ ẹ kọ ọ́ títí tó fi máa gbé ẹrù sílẹ̀."

Ẹ gbọ́, láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń kọrin, ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un kọ, tí mo rántí ọjọ́ tí mo fi ìyàwó mi sínú mọ́tò lọ sílé ní 2013, ohùn mi já láàárín orin. Ọmọ yẹn ní, "Èyí la fẹ́." Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé eré olórin kì í ṣe orin tí wọ́n kó ijó mọ́. Orin ọ̀hún gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń bá wí, ó sì gbọ́dọ̀ ní nǹkan tó ń wá lọ́wọ́ ẹni náà.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Mo lẹ ìwé eré mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, bí ẹsẹ̀ bá ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹnu á máa kà. Orúnkún mi ọ̀tún kì í fẹ́ gbọ́ràn. Tí ọkọ̀ òfuurufú bá ń kọjá lórí wa, a kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ohùn mú títí ariwo rẹ̀ á fi lọ, ẹ̀mí wa sì gùn sí i.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi àwọn àgbà eré tù mí nínú. Òótọ́ ni pé Ògúńdé ti ṣe olùkọ́, ó ti di ọlọ́pàá, kó tó gbé eré àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó ní June 1944. Òótọ́ ni pé Dúró Ládiípọ̀ ṣe olùkọ́ níhìn-ín lókè Ọya, ní Kàdúná, kó tó padà sí Òṣogbo. Àwọn kan nínú ìjọ bínú sí i nítorí ìlù tó gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ kò dákẹ́: nígbà tó fi máa di 1964, ó ti gbé Ọba Kò So dé Berlin. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tan ara wa o. Ògúńdé ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ní 1944. Ìyẹn kì í ṣe pípẹ́ tí èmi pẹ́.

Ní 2019, mo gbọ́ pé wọ́n ń wá òṣèré fún eré olórin ńlá kan l'Ékòó. Mo ti tọ́jú owó tí mo fẹ́ fi ra maṣíìnì oníná. Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Bàbá Ìbejì, maṣíìnì lẹ fẹ́ fi jó yẹn o." Mo lọ. Ọjọ́ méjì ni mo lò lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo kọrin, yàrá yẹn dákẹ́, mo rí i lójú wọn. Wọ́n wá kọ́ wa ní ijó kan, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì péré, wọ́n ní ká ṣe é. Gbogbo wọn lọ sí òsì, èmi nìkan lọ sí ọ̀tún. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó ti tán nìyẹn.

Mi ò lè sọ pé wọ́n fìyà jẹ mí. Ẹni tó máa jó lálẹ́ oni, tó máa tún jó lálẹ́ ọ̀la ni wọ́n ń wá. Mo padà sílé. Ìyàwó mi ò bú mi, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò fi dárúkọ maṣíìnì, ìyẹn sì le ju èébú lọ.

Mo rò ó jinlẹ̀. Bolanle Austen-Peters, agbẹjọ́rò ni tẹ́lẹ̀. Ó ti lé lógójì ọdún nígbà tó gbé eré olórin SARO jáde ní 2013, ó sì gbé Wakaa dé London ní 2016. Lóòótọ́, òun ti ní Terra Kulture látọdún 2003, èmi ò ní ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kò dúró kí ẹnikẹ́ni pè é. Ẹni tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ò láàyè láti máa to sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì. Ibi tó wà ni kó ti ṣe é, kó sì ṣe é dé ojú àmì.

Ní 10 September 2024, omi Alau ya wọ ìlú. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lápá Post Office nígbà náà. Omi bo maṣíìnì mi méjèèjì pẹ̀lú aṣọ oníbàárà. Ọjọ́ tá a lọ wo ibẹ̀, a dúró nínú ẹrọ̀fọ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ ya ẹnu. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, èyí tẹ́ ẹ fi jó nìkan lomi ò gbé." Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì bọ́ sí i. Èmi náà bẹ̀rẹ̀.

Gbólóhùn yẹn la fi ṣe eré tẹ́ ẹ rí nínú fídíò. Télọ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ká lọ tàbí ká dúró. Yorùbá la fi kọ ọ́, Hausa wọ̀ ọ́, ọmọ Kanuri àdúgbò wa ló ń lu gàǹgá fún wa. Ìyàwó mi ló rán aṣọ eré. Mo ti rí maṣíìnì tòkunbọ̀ kan rà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Owó tí eré yẹn mú wọlé, lẹ́yìn tá a san ti jẹnẹrétọ̀ àti gbohùngbohùn, kò ra àpò ìrẹsì kan. Mo sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè mọ̀. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí eré, mi ò ní sọ pé kó ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi, èsì yín rè é: kì í ṣe òkìkí ni mò ń wá. Orin tí mo kọ lábẹ́ tábìlì lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ kọ ọ́ síta ni, kí n sì wo ẹni tí mò ń kọ ọ́ fún lójú.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a máa bẹ̀rẹ̀ òmíràn. A ti máa ń parí kílẹ̀ tó ṣú. A nílò obìnrin méjì tó ní ohùn, a nílò ẹni tó mọ gángan lù. Ẹ má bi mí pé ṣé ẹ ò ti dàgbà jù. Orúnkún tèmi ti dáhùn ìyẹn. Kẹ́ ẹ ṣáà wá ni.

Ọlọ́run á ṣọ́ wa o.