Ìyá Kan Náà Ló Bí I

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí wọ́n yàn mí láti ṣe olùṣọ́-àgùntàn nínú eré Kérésìmesì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kí ọjọ́ eré tó pé, ìyá mi mú mi lọ sí Ẹdẹ, lọ kí àwọn ará agbo ilé tí wọ́n ti bí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Ààfáà, jókòó sábẹ́ igi nínú àgbàlá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéú ní ohun tó wà lára wàláà wọn. Èmi náà dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń ka tèmi. Nígbà tí àwọn ọmọ túká, ó pè mí.

"Àlàó, kí lò ń kà wúyẹ́wúyẹ́ látàárọ̀?"

"Bàbá, ìtàn ìbí Jésù ni."

"Ó dáa. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Mo sọ ọ́: áńgẹ́lì tó wá bá Màríà, ilé èrò tí kò láyè, ibùjẹ ẹran tí wọ́n tẹ́ ọmọ sí, àwọn olùṣọ́-àgùntàn lóru. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó ní Mọ́ríámọ̀, ìyẹn Màríà, nìkan ló wà níbi tó jìnnà sí àwọn ènìyàn rẹ̀, nígbà tí ìrọbí mú un. Ó fara ti ìdí igi dàbínù, ara ń ni ín débi pé ó ní ì bá sàn kí òun ti kú ṣáájú ọjọ́ yẹn. Ohùn kan sọ fún un pé kó má banú jẹ́, pé omi ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀, pé kó mi igi náà. Ó mi ín, èso tútù já bọ́. Nígbà tó gbé ọmọ dé ilé, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń fi ẹ̀sùn kàn án, ọmọ jòjòló náà ló sọ̀rọ̀ gbe ìyá rẹ̀.

Ẹnu yà mí. Kò sí igi dàbínù nínú eré tiwa. Mo bi í pé, "Bàbá, ṣé Jésù tiwa náà ni?"

Ó ronú díẹ̀. "Ìyá kan náà ló bí i, Àlàó. Ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀ ni kò dọ́gba."

Mo gbé ìtàn náà lọ fún ẹni tó ń kọ́ wa ní Bíbélì. Ó ní kí n panu mọ́, pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé Ọlọ́run. Mo panu mọ́. Ṣùgbọ́n igi dàbínù yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, òun ló sì mú mi ka ìwé méjèèjì nígbà tí mo dàgbà.

Mo rí i pé Bàbá Ààfáà kò ṣe àbùmọ́. Súrà kọkàndínlógún nínú Kùránì, orúkọ Màríà ló ń jẹ́, òun sì ni obìnrin kan ṣoṣo tí Kùránì dárúkọ. Ìwé méjèèjì gbà pé wúńdíá ni nígbà tó lóyún. Ìwé méjèèjì ló sọ ìtàn Ábúráhámù tó fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ rúbọ. Bíbélì ní Ísáákì lọmọ náà. Kùránì kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìsímáìlà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Mùsùlùmí gbà pé ó jẹ́. Nítorí náà, àgbò tí wọ́n ń pín ẹsẹ̀ rẹ̀ fún wa nígbà Iléyá kò ṣàjèjì sí ìwé tiwa.

Mo tún rí i pé kò parọ́ nígbà tó ní ọ̀rọ̀ wa kò dọ́gba. Onígbàgbọ́ gbà pé Ọmọ Ọlọ́run ni Jésù, pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló gbé ara ènìyàn wọ̀. Mùsùlùmí gbà pé Ànábì ńlá ni, ẹrú Ọlọ́run, pé Ọlọ́run kò bímọ, ẹnikẹ́ni kò sì bí i. Súrà kẹrin sọ pé wọn kò pa á, wọn kò sì kàn án mọ́gi. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá yọ àgbélébùú àti àjíǹde kúrò nínú ìgbàgbọ́ tiwa, kí ló kù tí a ó máa wàásù rẹ̀? Àwa ń sọ̀rọ̀ ẹni tó ru ẹ̀ṣẹ̀ wa lọ. Àwọn ní kò sẹ́ni tó lè bá ẹlòmíì ru ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, pé kí kálukú túúbá, kó sì padà sọ́dọ̀ Ọlọ́run tó ń ṣàánú.

Ìdí nìyí tí mi ò fi lè sọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ, pé "Gbogbo rẹ̀ náà ni, ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Ẹni tó ń sọ ọ́ kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà la fi ń ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ fún Bàbá Ààfáà pé kò sí ìyàtọ̀ láàárín wa, ohun tí mò ń sọ fún un ni pé ohun tó ń jí kírun sí lójoojúmọ́ kò jọ mí lójú tó kí n bi í léèrè. Ọ̀wọ̀ kọ́ nìyẹn. Ọ̀wọ̀ ni kí n mọ ibi tí a ti yà gan-an, kí n má sì tìtorí rẹ̀ dìde kúrò lórí ẹní rẹ̀.

Èdè wa ti wà lórí ẹní náà tipẹ́ ṣáájú wa. Onígbàgbọ́ tó kúnlẹ̀ láàárọ̀ Sọ́ńdè ń gba àdúrà. Inú èdè Lárúbáwá ni àdúrà ti wá, àwọn Mùsùlùmí ló sì mú un wọ ilé wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni wàásù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àlàáfíà àti sùúrù. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ààfáà ni Bíbélì Yorùbá fi pe Áárónì ní àlùfáà. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odidi rẹ̀ parí ní 1884, wọ́n bá ọ̀rọ̀ àwọn Mùsùlùmí lẹ́nu ará ìlú, wọ́n sì mú un lò. Ní 1906 ẹ̀wẹ̀, ìtumọ̀ Kùránì sí èdè Yorùbá jáde nínú ìwé, àlùfáà Onígbàgbọ́ kan, M. S. Cole, ló sì ṣe é. Ohun yòówù kó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè túmọ̀ ìwé ẹlòmíì láìjókòó tì í pẹ́.

Ìjókòó bẹ́ẹ̀ ti gba ẹ̀mí là rí. Ìtàn Ìsìláàmù sọ pé, ní nǹkan bí ọdún 615, nígbà tí ìyà ń jẹ àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ ní Mẹ́kà, wọ́n sá lọ sí Etiópíà, sọ́dọ̀ ọba tó jẹ́ Onígbàgbọ́. Àwọn ọ̀tá wọn tẹ̀ lé wọn pé kí ọba dá wọn padà. Ọba ní kí àwọn àlejò wí tẹnu wọn. Ọ̀kan nínú wọn ka ìtàn Màríà fún un láti inú súrà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Omi bọ́ lójú ọba, kò sì fà wọ́n lé ọ̀tá lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú níí yọ ọfà lápó.

Nílẹ̀ tiwa, ọfà ti yọ lápó. Pásítọ̀ James Wuye pàdánù ọwọ́ rẹ̀ kan nínú ìjà ẹ̀sìn ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná ní 1992. Nínú ìjà ọdún náà, Ìmáàmù Muhammad Ashafa pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ọmọ ìyekan rẹ̀ méjì. Ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà, kálukú sì ti pinnu láti gbẹ̀san. Ṣùgbọ́n wọ́n pàdé, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sì jọ dá iléeṣẹ́ ìlàjà sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1995. Pásítọ̀ kò di Mùsùlùmí, ìmáàmù kò di Onígbàgbọ́.

Ilẹ̀ Yorùbá kò rí irú ogun bẹ́ẹ̀, a sì máa ń fi yangàn. Ní Ẹdẹ, níbi tí Tìmì Abíbù Lágunjú tó jẹ́ Mùsùlùmí ti jọba ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni John Adétóyèṣe Láoyè tó jẹ́ Onígbàgbọ́ ti jẹ Tìmì láti 1946 títí di 1975. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí báyìí. Mò ń gbọ́ wàásù láti inú gbohùngbohùn tó jẹ́ èébú lásán. Mo rí àwọn òbí tí kò jẹ́ kí ọmọ wọn jẹ ẹran Iléyá ní ilé ẹ̀gbọ́n wọn. A ti bá ara wa lọ sí kóòtù lórí ìborí ọmọbìnrin: ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a láre pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lo híjáàbù ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba l'Ékòó. Òfin ti sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Iṣẹ́ tó kù, àárín àwọn òbí ọmọ ló wà. Nínú ìran tó dàpọ̀ bíi tiwa, ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Kí Onígbàgbọ́ tó fẹ́ mọ ohun tí Mùsùlùmí gbà gbọ́ lọ bi Mùsùlùmí, kí Mùsùlùmí náà ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹni tí a bi sì sọ ọ́ láìfi bò. Kí a má fi ọjọ́ rere wa wé ọjọ́ burúkú ẹlòmíì. Kí olùkọ́ tí ọmọ bá gbé ìtàn àjèjì wá bá má sọ pé kó panu mọ́.

Lọ́dún tó ṣáájú èyí tí Bàbá Ààfáà papò dà, mo lọ kí i nínú oṣù ààwẹ̀. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn mi. Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀.

"Àlàó, ìtàn tí o sọ fún mi lọ́jọ́sí, ṣé o ṣì rántí rẹ̀?"

Mo sọ ọ́ fún un, láti orí áńgẹ́lì dé orí àwọn olùṣọ́-àgùntàn. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí ládàánì pe ìrun, ó fọwọ́ wá àwo tó wà níwájú rẹ̀, ó mú èso dàbínù méjì, ó sì na ọ̀kan sí mi. Ó gbàdúrà fún èmi àti àwọn ọmọ mi. Mo ṣe àmín.