Ta Ló Jẹ Epiyà Mi?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ bá mi gbọ́ o. Ní ọdún kejì mi níhìn-ín ní Jọ́ọ̀sì, mo kó epiyà kéékèèké mẹ́fà àti àrọ̀ kan sínú àpótí gíláàsì kan ní yàrá wa. Epiyà ni mo ń bẹ̀rù, nítorí wọ́n ń lé ara wọn kiri, wọ́n ń já ara wọn ní ìrù. Àrọ̀ ní tirẹ̀ a sùn sábẹ́ òkúta látàárọ̀ dalẹ́, jẹ́ẹ́jẹ́.

Kò pẹ́, epiyà ku mẹ́ta. N kò rí òkú kankan. Alábàágbé mi ni mo ká a mọ́ lọ́wọ́, torí ó fẹ́ràn ẹja díndín. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kò bá mi sọ̀rọ̀.

Lóru ọjọ́ kan mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ìrù epiyà ṣì ń yọ lẹ́nu àrọ̀! Òru ló ń jẹun, ohun tó bá sì gba ẹnu rẹ̀ kì í dá a sí. Àwọn olọ́sìn ẹja tilẹ̀ máa ń dìídì kó àrọ̀ sínú adágún epiyà kí ó lè dín ọmọ wọn kù. Ṣùgbọ́n adágún fẹ̀. Nínú àpótí tèmi, kò síbi tí wọn yóò sá sí.

Mo gbé àrọ̀ sínú garawa, mo dé e, mo jí alábàágbé mi.

"Jọ̀ọ́, má bínú."

Ó wo inú garawa náà títí. Ó ní, "Epo dà?"