Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọdún Kan Tí Ìmọ̀ràn Mi Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Mi

Ní ọdún 2022, a pé jọ síbi ìkómọjáde kan ní Los Angeles. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ jókòó nídìí tábìlì bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ wa obìnrin tó parí girama lọ́dún yìí ńkọ́? Yunifásítì wo ló wọlé sí?" Mo dá a lóhùn pé ó ti wọlé, pé ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló fẹ́ kọ́, mo sì yára dojú kọ iyán tó wà níwájú mi. N kò purọ́, ṣùgbọ́n n kò sọ òtítọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ni ọmọ mi wọlé sí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́ níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń dárúkọ yunifásítì ńláńlá.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ni àgbà tó ṣubú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìtìjú mi àti àìmọ̀ mi para pọ̀, wọ́n sì gba odidi ọdún kan lọ́wọ́ ọmọ mi. Mo fẹ́ wo ẹ̀yìn ní gbangba, kí òbí mìíràn tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà lè rí ibi tí òkúta wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò jẹ́ fún àwọn tó wà nílé. Ní ọdún 1960, ìjọba ìpínlẹ̀ California ṣe ètò kan tó pín ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba sí ọ̀nà mẹ́ta. University of California wà lókè, California State University tẹ̀ lé e, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò sì ni ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Lónìí, irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ jẹ́ 116 ní ìpínlẹ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè lo ọdún méjì níbẹ̀, kí ó kó yúníìtì 60 jọ, kí ó sì sọdá sí yunifásítì láti ṣe ọdún kẹta àti ìkẹrin. Ìwé ẹ̀rí tí yóò gbà níkẹyìn kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó wọ yunifásítì náà láti ọjọ́ kìíní.

Owó ló gbé wa débẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìyàwó mi náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n owó ilé kì í jẹ́ kí owó oṣù sùn lọ́wọ́ wa. Dọ́là 46 ni ọmọ ìpínlẹ̀ ń san lórí yúníìtì kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Bí ọmọ bá forúkọ sílẹ̀ fún yúníìtì 15 ní sáà kan, dọ́là 690 ni, láìka ìwé àti àwọn owó kéékèèké mìíràn. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló ṣe ìṣirò yìí, tó sì wí fún mi pé, "Dádì, ẹ má jẹ́ kí a jẹ gbèsè fún ọdún méjì àkọ́kọ́. Ibì kan náà ni mo máa parí sí." Ọmọ ọdún méjìdínlógún ló sọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo gbà, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà tán.

Níbi tí ọkàn mi kò ti gbà tán yìí ni àṣìṣe ti wọlé. Nígbà tí ó fẹ́ yan àwọn kọ́ọ̀sì sáà àkọ́kọ́, ó mú ìwé wá bá mi. Mo wò ó bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Má tíì fọwọ́ kan ìṣirò. Kọ́kọ́ ṣe àwọn tó rọrùn, kí máàkì rẹ lè dára. Ìṣirò kò ní sá lọ." Ó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mi. Ó mú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn orin, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti ìtàn Amẹ́ríkà. Ó yege nínú gbogbo wọn, ó gba A mẹ́rin. Inú mi dùn dọ́ba.

Ohun tí n kò mọ̀ nìyí. Ní yunifásítì tí mo lọ ní Nàìjíríà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ló ń tò kọ́ọ̀sì fún wa. Ẹni tó wà ní ọdún kìíní mọ ohun tí yóò ṣe, ẹni tó wà ní ọdún kejì mọ tirẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀rù kò ju kí a má yege nínú kọ́ọ̀sì kan, kí a sì máa gbé e kiri bí ẹrù lọ sí ọdún tó ń bọ̀. Níhìn-ín, akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ to kọ́ọ̀sì rẹ̀. Òmìnira ni, ṣùgbọ́n òmìnira tó ní iye owó ni. Ọmọ mi kò kùnà nínú ẹ̀kọ́ kankan rí, síbẹ̀ ó ru ẹrù lọ sí ọdún tó tẹ̀ lé e, nítorí pé àwọn ẹ̀kọ́ tó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣì dúró dè é.

Nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àwọn ẹ̀kọ́ so mọ́ ara wọn bí ẹ̀wọ̀n. Ẹ kò lè ṣe kálíkúlọ́ọ̀sì kìíní láìtíì ṣe ìṣirò tó ń ṣe ìpalẹ̀mọ́ fún un. Ẹ kò lè ṣe ìkejì láìyege nínú ìkíní, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò lè dé ọ̀dọ̀ linear algebra àti kálíkúlọ́ọ̀sì kẹta láìkọjá ìkejì. Ní ọwọ́ kejì, ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀ nípa kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣílẹ̀kùn fún data structures, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sì máa ń fẹ́ kí discrete mathematics bá a rìn. Físíìsì tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń béèrè náà ń dúró de kálíkúlọ́ọ̀sì. Kí a wá fi èyí kún un pé kì í ṣe gbogbo sáà ni wọ́n ń kọ́ gbogbo kọ́ọ̀sì: òmíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni. Bí ẹ bá pàdánù ìjókòó kan, ọdún kan ni ẹ óò fi dúró.

Àwọn kọ́ọ̀sì tó rọrùn tí mo fi síwájú kò so mọ́ nǹkan kan. Ó lè ṣe wọ́n nígbàkígbà. Ìṣirò tí mo ní kò ní sá lọ ni ó sá lọ.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ yé wa. Ó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún kálíkúlọ́ọ̀sì kìíní kí ó lè lé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ tó dé, kíláàsì ti kún. Ó lọ rí olùdámọ̀ràn kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Arábìnrin náà gbé ìwé funfun kan kalẹ̀, ó fa ìlà láti sáà dé sáà, ó sì fi hàn án pé kò sí bí ó ṣe lè parí àwọn ẹ̀kọ́ náà kí ó tó di ìgbà ìwọ́wé ọdún 2024. Ọdún 2025 ni yóò tó sọdá.

Ó mú ìwé náà wálé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, oorun wà lójú mi. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kò sọ̀rọ̀. Mo wò ó títí, mo rí àpótí àkọ́kọ́ tí ìṣirò yẹ kí ó wà, mo sì rí i pé òfìfo ni. Mo ní, "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, àbí?" Ó ní, "Dádì, ẹ kò mọ̀ ni." Ìbá sàn fún mi kí ó bínú sí mi. Ọmọ tó bá dárí jini kí a tó tọrọ àforíjì, ó ti gbé ẹrù lé ni lọ́wọ́.

Ọdún kan yẹn kò wọ́n ní owó ilé ìwé. Ohun tó wọ́n ni àwọn nǹkan mìíràn: owó epo ọkọ̀, iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ tí kò lè fi sílẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bọ́ síwájú, àti ọdún kan tí kò ní gba owó oṣù gẹ́gẹ́ bí ẹni tó jáde.

Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é bí ó ṣe yẹ. Ibi tí a ti rí ìrànlọ́wọ́ jù ni ojú òpó ayélujára kan tí a ń pè ní ASSIST. Ibẹ̀ ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ní California ń kọ àdéhùn wọn sí, pé kọ́ọ̀sì báyìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí dúró fún kọ́ọ̀sì báyìí ní yunifásítì báyìí. Ọ̀fẹ́ ni. A yan yunifásítì márùn-ún, a to ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ń béèrè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a sì rí i pé wọn kò dọ́gba. Ibì kan fẹ́ kí a ti kọ́ èdè C++, ibòmíràn fẹ́ Java. Ẹni tó bá kàn ń mú kọ́ọ̀sì tó bá wù ú lè kó yúníìtì 60 jọ, kí yunifásítì tó ń lé sì sọ fún un pé ohun tí òun béèrè kò sí níbẹ̀.

A tún kọ́ pé láti ìparí ni a ti ń to irú ètò yìí bọ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ kọ oṣù tí ọmọ yóò sọdá sílẹ̀, kí ẹ tó máa ka sáà padà sẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹwàá sí òpin Oṣù Kọkànlá ni a ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí University of California fún ìwọ́wé ọdún tó tẹ̀ lé e. Mẹ́fà nínú àwọn ọgbà yunifásítì náà, èyíinì ni Davis, Irvine, Merced, Riverside, Santa Barbara àti Santa Cruz, ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò tó bá kún ojú òṣùwọ̀n ní ìdánilójú ààyè. Inú Oṣù Kẹsàn-án ni a ń béèrè fún un, ọgbà kan ṣoṣo ni a sì lè yàn. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìlà kéékèèké ìsàlẹ̀ dáadáa: ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò sí lára ohun tí gbogbo wọn ń ṣe ìdánilójú lé lórí. Ó wọ́pọ̀ kí ilẹ̀kùn yunifásítì ṣí, kí ti ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sì wà ní títì.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí ìtìjú mi. Àìsàn tí a gbé wá láti ilé ni. Bí a ṣe ń wo Pólì ní Nàìjíríà ni mo ṣe wo kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. A gbàgbé pé ẹni tó gba OND lè gba ọ̀nà Direct Entry bọ́ sí ọdún kejì ní yunifásítì. A gbàgbé pé nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1948, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀, láti Higher College ti Yábàá ni wọ́n ti kó wọn wá. Àwọn tó ṣí yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, asọdá ni wọ́n. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwa náà ló ń pa á lówe.

Bí n kò bá tijú ni, ǹ bá ti béèrè. Ní ibi ìkómọjáde ọjọ́ yẹn, ẹni méjì ló wà nídìí tábìlì wa tí ọmọ wọn ti gba kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò kọjá. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀. Àwọn náà kò sọ ọ́, nítorí ojú ń tì wọ́n. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ni a óò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí gbogbo wa bá ń fi ọ̀nà tí a gbà pamọ́?

Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìwé ìgbàwọlé dé. Ọmọ mi wọ ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì márùn-ún náà, ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà gan-an. Àwọn méjì kọ̀ ọ́. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìbàdàn láti fún un ní ìròyìn ayọ̀. Ẹnu yà á. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé o kò ti sọ fún wa láti ọdún mẹ́ta pé ó ti wọ yunifásítì?" Mo jẹ́wọ́ fún un, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí o ń wí yìí, ṣé ó dà bíi Pólì ni?"

Mo ní, "Ó jọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó ní, "Kí wá ni o ń fi pamọ́ fún mi? Ṣé kì í ṣe Pólì ni ọkọ mi gbà dé yunifásítì? Àbí ẹ̀yin náà máa ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ ni?"

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ó sì gbà. Ọmọ mi ti wà ní yunifásítì báyìí, ọdún kẹta ni wọ́n kà á sí. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí níbi àríyá pé báwo ló ṣe débẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo máa ń bi òun náà pé: ọmọ tiyín ńkọ́, ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò?