Ẹ̀rín Tí Ìyá Mi Rín

  Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni mo mú wá lónìí. Àwọn àgbà wa ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ohun tí òwe yìí kò sọ fún wa ni bí a ó ti ṣe é nígbà tí ènìyàn mẹ́rin bá jókòó síwájú eré kan náà, tí ọ̀kan ń rẹ́rìn-ín, tí ọ̀kan dìde jáde, tí ọ̀kan ká ọwọ́ gbá àyà, tí ẹnì kẹrin kò sì mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Èmi ni ẹnì kẹrin.

Ọdún 2013 ni. Mo kúrò ní Ilé-Ogbó, ìlú mi tó wà lẹ́bàá Ìwó, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Peckham, ní ìlú London, níbi tí àwọn àti ọkọ wọn ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 29, oṣù kẹrin ọdún náà, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ITV bẹ̀rẹ̀ eré apanilẹ́rìn-ín tuntun kan tó ń jẹ́ Vicious. Àgbà òṣèré méjì ni olú eré náà, Ian McKellen àti Derek Jacobi. Àwọn méjèèjì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà, Ọbabìnrin Elizabeth sì ti fi oyè Sir dá àwọn méjèèjì lọ́lá. Wọn kò fi í pa mọ́ pé ọkùnrin ni àwọn náà ń fẹ́. McKellen ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé lórí rédíò BBC láti ọdún 1988.

Nínú eré náà, McKellen ni Freddie, Jacobi sì ni Stuart: ọkùnrin méjì tí wọ́n ti ń bá ara wọn gbé bí olólùfẹ́ fún nǹkan bí àádọ́ta ọdún, nínú ilé kan tó ṣókùnkùn ní Covent Garden. Iṣẹ́ wọn láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni kí wọ́n máa bú ara wọn. Freddie jẹ́ òṣèré tí ìràwọ̀ rẹ̀ kò tàn rí, àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ kò dákẹ́ ìṣògo. Ní ti Stuart, títí ó fi darúgbó, kò tíì lè sọ fún ìyá rẹ̀ ẹni tí Freddie jẹ́ sí òun. Bí ìyá náà bá pè lórí fóònù, Stuart a máa purọ́ bí ọmọdé. Wọ́n ní ajá kan tó ti darúgbó bí àwọn fúnra wọn, oorun ló sì máa ń sùn, débi pé wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì wà láàyè.

Bí ẹ bá mọ Bàbá Sàlá, ẹ ti mọ irú eré tí mò ń wí. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, ọmọ Iléṣà, tó fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 2018, mú irú àwàdà bẹ́ẹ̀ wọ ilé wa láti orí amóhùnmáwòrán Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1959. Èébú lọ, èébú bọ̀. Ẹnìkan wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Àwọn èrò ìwòran bú sẹ́rìn-ín. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dàgbà sí ìdí àwàdà báyìí. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n mi fi rẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ náà títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Wò ó, bí Bàbá àti Màámi ṣe máa ń ṣe gan-an nìyí!”

Àlàájì, ọkọ wọn, kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n sì dìde. Wọ́n ní, “Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Àmọ́ ohun tí mo gbà pé ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, mi ò lè jókòó kí n máa fi ṣe ẹ̀rín.” Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n rọra pa ilẹ̀kùn dé.

A rò pé ọmọ wọn obìnrin, tó ń kọ́ nípa eré orí ìtàgé ní yunifásítì, yóò gbè sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní irú ẹ̀fẹ̀ yìí ti gbó. Pé bí àwọn Òyìnbó ṣe máa ń fi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ láyé àtijọ́ nìyẹn, ọwọ́ tí ń jù fìrìfìrì, ohùn tí ń lọ sókè sódò. Ó wá yíjú sí ìyá rẹ̀: “Mọ́mì, kí lẹ ń fi rẹ́rìn-ín? Ṣé ohun tí wọ́n sọ ni, àbí irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́?” Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa amóhùnmáwòrán nínú ìwé ìròyìn pín bíi tiwa náà. Àwọn kan ní ẹ̀fẹ̀ ògbólógbòó tí a fi ariwo bò ni. Àwọn mìíràn ní ó tó gẹ́ẹ́ kí ìfẹ́ àwọn arúgbó méjì bẹ́ẹ̀ bọ́ sí gbangba, kí gbogbo ilé máa wò ó.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, a pe ìyá wa ní Ilé-Ogbó. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn eré náà fún wọn:

“Màámi, àwọn arúgbó méjì kan wà nínú tẹlifíṣọ̀n níbí. Ó ti tó àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń bá ara wọn gbé. Bí èkíní bá sọ̀rọ̀, èébú ni èkejì á fi gbà á. Síbẹ̀, bí èkejì bá pẹ́ níta, ara èkíní ò ní í balẹ̀. Ẹ sì wá wò ó, ọ̀kan ò tíì sọ fún ìyá rẹ̀ pé àwọn ń fẹ́ ara wọn!”

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. A gbọ́ ọ bí ẹni pé wọ́n wà nínú pálọ̀ pẹ̀lú wa. “Láti àádọ́ta ọdún! Bàbá yín tó bàjẹ́ lẹ́nu náà nìyẹn! Ọlọ́run yóò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún ara wọn.” Wọ́n tún wá béèrè pé, “Èwo nínú wọn ló ń dáná?”

Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi. “Wọ́n jọ ń dáná ni, Màámi.”

Ìgbà yẹn ni ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn èdè wa, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi kò purọ́ kankan. Èdè Yorùbá ló ṣe bẹ́ẹ̀. “Ó” wa kò mọ akọ yàtọ̀ sí abo. “Olólùfẹ́” kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ìyàwó ilé pàápàá ń pe ọmọbìnrin ilé ọkọ rẹ̀ ní “ọkọ mi”, kò sì sí ẹni tí ẹnu yà. Síbẹ̀, èdè kan náà yìí, tí aṣọ rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò ní orúkọ kan tó gbajúmọ̀ fún irú ọkùnrin bí Freddie tí kì í ṣe èébú. Èyí tí gbogbo ayé mọ̀, n kò ní í kọ ọ́ síbí.

Nígbà tí a ń wo eré yẹn, ìjọba méjì ló ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 30, oṣù karùn-ún, 2013, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá fọwọ́ sí àbá òfin tó ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ní oṣù keje, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di ohun tí òfin gbà ní England àti Wales. Bẹ́ẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìí kan náà ló kó òfin àtijọ́ tó ka ọ̀ràn náà sí ìwà ọ̀daràn wá fún wa nígbà ìmúnisìn, tí ó sì jẹ́ ìwà ọ̀daràn nílẹ̀ tiwọn náà títí di ọdún 1967. Ẹ ṣírò ọdún Freddie àti Stuart: àwọn méjèèjì ti fẹ́ra kí ọdún náà tó dé. Ìdí irọ́ tí Stuart ń pa fún ìyá rẹ̀ nìyẹn, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ nínú eré.

Ní oṣù kìíní ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tiwa: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún àwọn tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ náà hàn ní gbangba. Mo ti padà sí Ilé-Ogbó. Rédíò ń sọ ọ́, àwọn aládùúgbò ń yìn ín. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. N kò mọ ohun tó sún mi, mo ní, “Màámi, àwọn arúgbó méjì tí ẹ̀gbọ́n mi ròyìn fún yín lọ́jọ́sí, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì o.”

Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ṣa ẹ̀wà náà tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?” N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní, “Ẹ̀rín tí mo ti rín, mi ò lè gbé e mì mọ́.” Ó tún ṣe díẹ̀: “Ìyá ọkùnrin yẹn ló ń ṣe mí láàánú. Bí ọmọ bá ń purọ́ fún ìyá rẹ̀ títí ó fi hu ewú, ìyá náà ti ṣe nǹkan kan tí ọmọ fi ń bẹ̀rù rẹ̀.”

Wọn kò sọ pé òfin náà dára, wọn kò sì sọ pé kò dára. Wọ́n gbé ẹ̀wà wọn wọlé.

Ní ọdún 2015, Freddie àti Stuart ṣe ìgbéyàwó nínú eré náà. Ní ọdún 2016, eré ọ̀hún parí. Ní ọdún 2020, àwọn obìnrin méjì nílẹ̀ wa, Uyaiedu Ikpe-Etim àti Pamela Adie, ṣe fíìmù kan nípa obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn, àjọ tó ń yẹ fíìmù wò sì kìlọ̀ fún wọn pé wọ́n lè rí ẹ̀wọ̀n he. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, ọ̀rọ̀ èdè tiwa ni wọ́n fi sọ fíìmù náà lórúkọ: Ìfẹ́.

Ìbéèrè ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń tẹ̀ lé mi kiri. Kí là ń fi rẹ́rìn-ín? Mo gbà pé òtítọ́ ló sọ nípa púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀fẹ̀ náà; ọwọ́ tí ń jù fìrìfìrì yẹn kò pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò rí ọwọ́ kankan. Wọn kò mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Arúgbó méjì tí wọ́n ń bú ara wọn, tí èkíní kò lè sùn bí èkejì kò bá tíì wọlé, ni wọ́n gbọ́, òun ni wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín, tí wọ́n fi gbàdúrà fún wọn. N kò rí i kí wọ́n gba àdúrà náà padà.