Yìnyín Tí Kò Pariwo

Nínú oṣù kẹrin, oòrùn ràn ní Glasgow, mo sì sọ fún ìyá mi pé kí wọ́n fi ẹ̀wù òtútù wọn sílẹ̀. Mo jẹ̀bi. Kí ọkọ̀ ojú irin tó la Rannoch Moor já, ilẹ̀ ti funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Irà ni ibẹ̀. Ìdì ẹ̀ka igi ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin kí ó má baà rì. Ní Corrour, tí ó ga ní mítà 408, ìyá mi ń gbọ̀n. Mo bọ́ ẹ̀wù mi fún wọn.

“Kí ni ẹ ń pe èyí níbí?”

“Yìnyín ni, Mà.”

“Yìnyín kẹ̀? Ti Ìbàdàn máa ń lu páànù. Eléyìí kò sọ̀rọ̀.”

Mo ní òjò dídì ń kọ́? Wọ́n ní ìyẹn sàn díẹ̀.