Wákàtí Mẹ́rìnlélógún Lórí Pátákó

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja wọ Kábà yóò rí i pé pátákó àwọn ilé ìwòsàn aládàáni ti ń bá ti àwọn ilé ìjọsìn du ààyè lẹ́bàá títì. Èyí ń polówó iṣẹ́ abẹ, èyí ń polówó ìgbẹ̀bí, òmíràn kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn ń tọ́jú, Ọlọ́run ló ń wò sàn. N kò bínú sí pátákó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra aṣọ lè fọwọ́ kàn án, kó sì ná an. Aláìsàn tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síta ló gbẹ́kẹ̀ lé.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, a gbé àbúrò màmá mi lọ sí ọ̀kan nínú irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa. Aago kan òru ti kọjá. Wọ́n kọ ‘wákàtí mẹ́rìnlélógún’ sára pátákó, wọ́n sì ya dókítà tó ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọbìnrin kan tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Dókítà ńkọ́? Ọjọ́bọ̀ ló máa ń wá láti Lọ́kọ́ja. Ọjọ́ Ajé la sì wà! Síbẹ̀, ó ní ká san owó káàdì àti owó àsansílẹ̀ ná. Mo béèrè ohun tí a fẹ́ san án fún. Ó ní bí wọ́n ṣe ní kí òun máa sọ nìyẹn. N kò bá a wí, kì í ṣe òun ló kọ pátákó.

Ibòmíràn la tún gbé wọn lọ, níbi tí ọ̀dà ara pátákó ti ṣí dànù. Àgbà nọ́ọ̀sì kan kí wọn ní ‘Okun o, ìyá,’ ó fọwọ́ kan iwájú orí wọn kó tó béèrè orúkọ. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló ru. Wọ́n yè é.

Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 kò gbà kí ilé ìwòsàn kankan kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn ₦100,000, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀, ló wà fún ẹni tó bá rú u. Ní 2018, ìjọba àpapọ̀ gbé Ìwé Ẹ̀tọ́ Aláìsàn jáde, ẹ̀tọ́ 12 ló wà níbẹ̀, mímọ iye tí ìtọ́jú yóò náni sì jẹ́ ọ̀kan. Mélòó nínú wa ló rí i kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri rí?

Àwa oníròyìn náà mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń lọ. Nígbà tí mo wà nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, ẹ̀ka ìpolówó kì í béèrè bóyá dókítà wà lórí ìjókòó. Bóyá owó ti wọlé ni wọ́n ń béèrè. Bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì dá sílẹ̀ ní Ẹgbẹ ní 1952, tó wà lọ́wọ́ ìjọ ECWA lónìí, ẹnu àwọn tó ti gba ìtọ́jú níbẹ̀ ló gbé òkìkí rẹ̀ yí ilẹ̀ Okun ká.

Bí dókítà bá ń wá ní Ọjọ́bọ̀ nìkan, kí wọ́n kọ Ọjọ́bọ̀. Bí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n má ya ọ̀bẹ sára ògiri. Iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ Kogí ló ń forúkọ àwọn ilé wọ̀nyí sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olùbẹ̀wò bá wá ka bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n dákun ka pátákó pẹ̀lú, lóru ni kí wọ́n sì wá.