Ibi Tí Ọ̀pá Méjì Ti Pàdé

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nígbà tí a bá pa òwe yìí, ohun tí ó sábà máa ń wà lọ́kàn wa ni pé kí ọmọdé àti àgbà máa ran ara wọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òwe náà tún sọ ohun mìíràn tí a kì í fiyè sí: gbogbo ọwọ́ ni ó ní ibi tí agbára rẹ̀ pin sí. Púpọ̀ nínú ohun tí ènìyàn ti fi ọgbọ́n orí ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó jẹ́ àtúnṣe sí kíkúrú ọwọ́ yìí. A fi erú sí ọkọ́ kí á má baà máa fi èékánná họ ilẹ̀. A fi erú sí àáké, a fi èèkù sí àdá. A so okùn mọ́ korobá kí ọwọ́ wa lè dé ìsàlẹ̀ kànga. Èyí tí ó gùn jù lára àwọn ọwọ́ àfikún wọ̀nyí ni akọ́rọ́, ọ̀pá gbọọrọ tí a fi ń ká èso lórí igi, tí àwọn mìíràn ń pè ní gọ̀ǹgọ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti ní pàtàkì, ibi kan lára rẹ̀ tí ojú kì í tètè tó, èyíinì ni ibi tí a ti so ọ̀pá kan mọ́ òmíràn.

Ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà ká ohun tí ó wà lókè. Yálà kí ó gbé ara rẹ̀ lọ bá a, tàbí kí ó dúró nílẹ̀ kí ó sì rán irinṣẹ́ lọ. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni àwọn baba wa gbà ká ẹyìn. Wọ́n á fi igbà yí ara wọn àti ọ̀pẹ po, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ara igi, wọ́n á máa ju igbà sókè díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi dé abẹ́ imọ̀. Kòkó kò gba irú èyí. Igi kòkó kì í so sí góńgó orí bí ọ̀pẹ. Ara igi gan-an, láti ìdí títí dé ara àwọn ẹ̀ka ńláńlá, ni òdòdó rẹ̀ ti ń yọ tí èso sì ti ń so. Ojú ibi tí a ti ká èso lọ́dún yìí náà ni òdòdó yóò tún ti yọ lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá gun igi kòkó yóò fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn ojú wọ̀nyí pa. Ẹni tí ó bá sì lọ́ èso já tipátipá yóò ya èèpo igi, ojú ibẹ̀ lè má so mọ́, àrùn yóò sì rí ọgbẹ́ gbà wọlé. Nítorí náà, àdá ni a fi ń ká kòkó tí ọwọ́ tó, akọ́rọ́ ni a fi ń ká tòkè. Irin orí akọ́rọ́ mú níwájú, ó sì mú nínú ìkọ́ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé a lè tì í kí ó gé, a sì lè fà á kí ó gé. Ọrùn èso nìkan ni ó gbọ́dọ̀ gé. Ọrùn náà kò gùn rárá. Ibi tí ó sì ti pin ni ojú tí a kò gbọdọ̀ fi kàn ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ọjọ́ orí oko kòkó, kí ó má wulẹ̀ ka ọdún. Kí ó béèrè bí akọ́rọ́ wọn ṣe gùn tó. Oko tí bàbá mi jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni mo fi mọ èyí. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí oko náà ṣì kéré, àdá nìkan tó o. Nígbà tí bàbá mi di géńdé, ọ̀pá kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò. Nígbà tí èmi fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé wọn lọ, wọ́n ti ń so ọ̀pá méjì pọ̀. Igi tí a kò gé lórí, tí ó sì ń wá oòrùn lábẹ́ àwọn igi ńláńlá, kò mọ̀ pé ẹni tí yóò ká òun kò ga sí i lọ́dọọdún.

Ọparun ni igi akọ́rọ́ wa. Inú rẹ̀ ṣófo, nítorí náà ó fúyẹ́. Síbẹ̀ ó le. Bí a bá là á, a ó rí i pé ní gbogbo oríkèé rẹ̀ ni ògiri tín-ín-rín kan wà tí ó dí ihò inú rẹ̀, tí kò jẹ́ kí ó wó sínú. Ibi tí Ọlọ́run ti so ọparun pọ̀ ni ó le jù lára rẹ̀. Ibi tí ènìyàn ti so ó pọ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Bàbá mi kì í gé èyí tí kò tíì gbó, nítorí pé omi pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá gbẹ tán yóò súnkì, okùn tí a fi dì í yóò sì dẹ̀. Kì í sì kàn án ní ìṣó. Ọparun a máa là lóòró. Ihò ìṣó kan péré tó láti fi ọ̀nà hàn án.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tí wọ́n ń gbà so ó. Èyí tí ó rọrùn jù ni kí á gbé ọ̀pá méjì lé ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí á sì dì wọ́n. Ojú méjì ni a gbọ́dọ̀ ti dì í, kí ojú méjèèjì sì jìnnà sí ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ojú kan, ibẹ̀ yóò di orúnkún, ọ̀pá yóò sì máa tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ oríkèé ọparun ni ó dára kí ìdì kọ̀ọ̀kan wà, kí okùn má baà yọ̀. Ọ̀nà kejì ni kí á ti ìdí ọ̀pá tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ihò orí èyí tí ó tóbi, lẹ́yìn tí a bá ti fọ́ ògiri inú oríkèé, kí á sì fi okùn yí ẹnu ihò náà po dáadáa kí ó má baà là. Ọ̀nà kẹta ni kí á gbẹ́ igi líle kan tí ìdajì rẹ̀ yóò wọ inú ọ̀pá kan, tí ìdajì kejì yóò wọ inú èkejì, kí á tún fi okùn dì í níta. Pàǹkẹ́rẹ́ tí a là, tí a rẹ sínú omi, ni wọ́n ń lò nígbà kan. Bí ó bá ti ń gbẹ ni ó ń fún mọ́ igi. Nígbà tí rọ́bà inú táyà dé, òun ni ó gba ipò pàǹkẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, nítorí pé ó ń nà, ó sì ń fún ara rẹ̀ mọ́ ohun tí a fi dì.

Èyíkéyìí tí a bá yàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìbéèrè kan náà ni yóò yọjú: ẹsẹ̀ bàtà mélòó nínú ọ̀pá kan ni kí ó wọ ara èkejì? Lórí èyí ni bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ kan ti máa ń jiyàn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ so akọ́rọ́ tuntun. Bí ọ̀pá méjì bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12 ọ̀kọ̀ọ̀kan, bàbá mi yóò jẹ́ kí wọ́n jọ wà fún ẹsẹ̀ bàtà 3, tí àpapọ̀ rẹ̀ yóò fi jẹ́ 21. Inú a máa bí àbúrò rẹ̀. Ó ní 12 àti 12 jẹ́ 24, kí ni ìdí tí a fi ń fi ọ̀pá ṣòfò nígbà tí kòkó ń rà lókè? Ẹsẹ̀ bàtà kan tó o lójú tirẹ̀. Bàbá mi kì í pariwo. Yóò ní, “Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta yẹn kò sọnù o. Òun ni ó di ìyókù mú.”

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Kò sí okùn tí kì í dẹ̀ díẹ̀ bí a bá ti lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ká ní ó dẹ̀ débi pé ọ̀pá òkè lè mì ní ìdajì íńṣì nínú ojú ìsopọ̀, ká sì ní ọ̀pá náà yọ sókè ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí ọ̀pá méjèèjì bá jọ wà fún ẹsẹ̀ bàtà kan péré, ìdajì íńṣì yẹn yóò di íńṣì 5 ní ẹnu irin lókè. Bí wọ́n bá jọ wà fún ẹsẹ̀ bàtà 3, kò ní tó íńṣì 2. Akọ́rọ́ tí ó ń mì ní íńṣì 5 kò lè mọ ọrùn èso yàtọ̀ sí ojú igi. Yóò ká kòkó tọdún yìí, yóò sì ká tọdún tí ń bọ̀ mọ́ ọn. Àwọn káfíńtà náà mọ òfin yìí. Bí wọ́n bá fẹ́ fi àtè so pákó méjì pọ̀ lórí kan ara wọn, wọn kì í gé e gán-ún. Wọ́n á gé e ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ó fi jẹ́ pé bí pákó bá nípọn íńṣì kan, ojú gígé náà yóò gùn tó íńṣì 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a yọ̀ǹda nínú gígùn ni a fi ra agbára.

Lónìí, ọ̀pá onípáìpù alumíníọ́mù ti wà, tí ọ̀kan ń ti inú èkejì jáde, tí a sì ń fi irin há a mọ́ ibi tí a bá fẹ́. Ní Màléṣíà, irú rẹ̀ ni wọ́n ń fi dòjé sí lórí láti fi gé ẹyìn. Ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pẹ náà ti ṣẹ̀. Ní 1848 ni wọ́n gbin 4 sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Java, láti ibẹ̀ ni ó ti tàn kálẹ̀, tí oko ńlá àkọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní Màléṣíà ní 1917. Síbẹ̀ páìpù náà kò bọ́ lọ́wọ́ òfin bàbá mi: inú páìpù ńlá ni apá kan páìpù kékeré gbọ́dọ̀ wà. Àwọn ará ibẹ̀ sì mọ̀ pé kò sí ọ̀pá tí ó lè máa bá igi ga títí láé. Bí ọ̀pẹ wọn bá ti tó nǹkan bí ọdún 25, ọ̀pọ̀ wọn a gé e, wọ́n a gbin òmíràn, nítorí pé ó ti ga ju ohun tí a lè ká pẹ̀lú ìrọ̀rùn lọ.

Mo ti ń ronú lórí iyàn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ọ̀pá lọ. Ọdún tí bàbá mi àti bàbá rẹ̀ fi jọ wà nínú oko náà ju 20 lọ. Ẹni méjì ń ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan ìbá ṣe. Ẹni tí ó bá ń fi ojú àbúrò bàbá mi wò ó yóò sọ pé òfò ni. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni bàbá mi mọ pèrègún tí ó jẹ́ ààlà àti èyí tí ó kàn hù, odò tí ń gba ilẹ̀ wọlé bí òjò bá pọ̀, àti igi tí àrùn kì í pẹ́ mú. Èmi àti bàbá mi kò ní ju ìsinmi ilé-ìwé lọ. Ní ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ dàgbà, ọjọ́ ìsìnkú ni wọ́n kọ́kọ́ dé oko tí wọ́n jogún. Ọ̀pá kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kan ara wọn lórí, wọn kò wọ ara wọn. Ibẹ̀ náà ni ẹjọ́ ilẹ̀ ti ń wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú èdè. Mo mọ àwọn òbí ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù tí Yorùbá wọn jinlẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé “ẹ kú àárọ̀” àti “ẹ ṣé” nìkan ni ó wà láàrin àwọn àti ọmọ wọn ní èdè náà. Wọ́n ní kí àkókò ọmọ má baà ṣòfò ni. Nǹkan wà láàrin wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó láti gbé irin dúró lókè.

Àwọn onímọ̀ iṣẹ́ kòkó ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà sọ ògbólógbòó oko di ọ̀tun láìgé gbogbo rẹ̀ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Abẹ́ àwọn àgbà igi ni wọ́n ń gbin ọ̀dọ́ sí. Àgbà yóò fi ìbòji bò ó, yóò sì máa so èyí tí ó bá lè so; bí ọ̀dọ́ ti ń dàgbà ni a óò máa gé àgbà kúrò díẹ̀díẹ̀. Fún ọdún bíi mélòó kan, igi méjì ni yóò wà níbi tí ó yẹ kí ẹyọ kan wà. A ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní apá kan oko bàbá mi, níhà odò. Àbúrò bàbá mi, tí ó ti darúgbó báyìí, ni ó ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ tọ́ka ibi tí a ó gbẹ́ ihò sí fún wa, tí ó sì ń ka orúkọ àwọn tí wọ́n bá wa pààlà bí a ti ń lọ. Ní apá ibẹ̀ yẹn, àdá nìkan ni a fi ń ká kòkó.